Etí Ń Ṣomi Láti Ọjọ́ Yìí: Àbí Kókó Ló Wà Níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ etí ló kàn lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe etí tí ọmọ aláìgbọràn di pa o. Etí gan-an ni, èyí tí ìyá aláta fi ń gbọ́ iye tí oníbàárà ná ọjà, tí mẹkáníìkì fi ń mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ké kó tó ṣí bọ́ńnẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí etí rẹ̀ kan bá dí lọ́jà Dùgbẹ̀ tàbí l'Óyìngbò, ẹ bi í léèrè bí ariwo ṣe ń dà á lójú rú.

Ẹ wo bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Etí á kọ́kọ́ máa yún èèyàn. Á fa ìyẹ́ adìẹ yọ, á fi ro ó. Bí ìyẹ́ ò bá sí, igi ìṣáná wà, ìdérí báírò wà, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kúkú wà lápò. Nígbà tó bá yá, omi á máa jáde, òmíràn á ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú. Ó di ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní dókítà.

“Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Oògùn etí tọjọ́sí ni kí ẹ bá mi mú wá.”

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ìyá, ṣé èyí tí ẹ rà lóṣù tó kọjá ti tán ni?”

“Ó ti tán o jàre. Tí mo bá kán an sí i, ó máa ń rọlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, á tún padà wá.”

“Kò burú. Ẹ gba méjì lẹ́ẹ̀kan náà.”

Bẹ́ẹ̀ ni ìgò oògùn á ṣe máa pọ̀ sí i lábẹ́ ìsọ̀, tí oṣù á máa gorí oṣù. Inú “á tún padà wá” yẹn ni ọ̀rọ̀ wà.

Ká má dẹ́rù ba ara wa o. Etí tó ń ro tàbí tó ń ṣomi, àkóràn ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, oògùn tó bá a mu á sì parí ẹ̀. Àmọ́ kókó kan wà tó máa ń yọ nínú ihò etí, tó máa ń fara wé àkóràn bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n. Ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Dókítà etí mìíràn lè fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ wo etí kó má rí ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Ṣíṣọ̀wọ́n tó ṣọ̀wọ́n náà ló sọ ọ́ di wàhálà, torí ohun tí ọkàn ò sí níbẹ̀, ojú kì í tètè rí i.

Ibi tí òógùn ni kókó yìí ti wá. Àwọn kan á ní, òógùn nínú etí kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ihò etí àgbàlagbà ò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, bí ìdajì igi ìṣáná báyìí. (Kí ẹni tó ń ti odindi igi ìṣáná bọ etí ṣe ìṣirò ìyẹn.) Apá inú lọ́hùn-ún, egungun ló yí i ká, awọ orí rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, kò sí nǹkan kan tó hù níbẹ̀. Apá ìta, ibi tó súnmọ́ ẹnu etí, egungun rírọ̀ bíi ti imú ló wà níbẹ̀, irun wà nínú rẹ̀, àwọn àpò kéékèèké sì wà lábẹ́ awọ rẹ̀. Oríṣi méjì ni àwọn àpò náà. Ọ̀kan ń tu òróró jáde. Èkejì jẹ́ àpò òógùn, mọ̀lẹ́bí èyí tó wà ní abíyá ni, ọmú tí à ń fún ọmọ mu pàápàá kò jìnnà sí ìdílé náà. Nínú etí kan ṣoṣo, irú àpò òógùn yìí máa ń tó 1,000 sí 2,000.

Da òróró tọ̀hún, omi tọ̀hún àti awọ ara tó ti kú pọ̀, ohun tí à ń pè ní ẹ̀gbin etí nìyẹn. Orúkọ náà ò tiẹ̀ yẹ ẹ́. Ó ń mú eruku, kì í jẹ́ kí omi bá awọ etí jẹ́, kì í sì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò àìrí ráyè. Awọ inú etí fúnra rẹ̀ máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti ibi ìlù etí bọ̀ wá síta, tó ń kó ẹ̀gbin bọ̀ bí bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù. Ẹni tó ń fi ìyẹ́ tì í padà sínú ló ń ṣòdì sí iṣẹ́ tí etí ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbin etí tiwa máa ń rọ̀, ó ń pọ́n bí oyin. Ti ọ̀pọ̀ ará Ṣáínà àti Jàpáànù gbẹ bí èérún. Lọ́dún 2006 ni àwọn onímọ̀ Jàpáànù fi hàn pé àbùdá kan báyìí tí wọ́n ń pè ní ABCC11 ló ń pín in bẹ́ẹ̀. Àbùdá kan náà ló kan òórùn abíyá. Ẹ rí i pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n lóòótọ́.

Àwọn àpò òógùn yìí ló máa ń ṣe bí ẹni ya wèrè nígbà mìíràn, tí ọ̀kan nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í bí ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró títí tó fi máa di kókó. Láyé ọjọ́un, orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn dókítà òyìnbó ń pe gbogbo rẹ̀: ceruminoma. Orúkọ yẹn kó wọn sí ìyọnu. Bí ìgbà tí èèyàn bá ń pe ológbò àti ẹkùn ní orúkọ kan ni, torí ojú wọn jọra. Dókítà kan á kà pé ceruminoma kì í pa èèyàn, á há a díẹ̀ kúrò, á ní kí aláìsàn máa lọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nǹkan ti wọ egungun. Òmíràn á kà pé ó ń pa èèyàn, á sì gé ohun tí kò yẹ kó gé. Lọ́dún 1972, Wetli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ l'Amẹ́ríkà gbé ìwé kan jáde tó yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n fún èyí tó tutù ní orúkọ tirẹ̀, èyí tó le ní tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni dókítà tó mọṣẹ́ kì í ti í gba “ceruminoma” lásán mọ́ bí èsì àyẹ̀wò. Á béèrè pé, èwo nínú wọn?

Èyí tó tutù ni adenoma àti àwọn ìbátan rẹ̀. Kì í rìn lọ sí ibòmíràn lára, kì í jẹ egungun. Ó máa ń yọ ní apá ìta ihò etí, roboto, awọ bò ó dáadáa, kì í sì í sábà dunni. Ohun tí ẹni tó ní in máa ń sọ ni pé etí òun dí, tàbí pé òun ń fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Lọ́dún 2004, Thompson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó èèyàn 41 tó ní irú rẹ̀ jọ nínú àkọsílẹ̀ 30 ọdún. Ẹ gbọ́ o, 41 péré, ní ibi tí wọ́n ti ń kó irú kókó bẹ́ẹ̀ jọ láti gbogbo ìlú! Kókó náà ò pa ìkankan nínú wọn. Àwọn tó tún padà yọ sí lára, àwọn tí wọn ò gé tiwọn tán nígbà àkọ́kọ́ ni.

Èyí tó le ni jẹjẹrẹ. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ, àmọ́ èyí tó gbajúmọ̀ jù láàárín wọn ni adenoid cystic carcinoma, òun ló sì yẹ kéèyàn dúró tì díẹ̀, nítorí ìwà rẹ̀ ò jọ ti jẹjẹrẹ tí à ń gbọ́ nípa rẹ̀ lójoojúmọ́. Tí wọ́n bá gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ awo-ohun-kékeré, ihò ihò ló máa wà lára rẹ̀ bí asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì. Kì í sáré. Kì í wú gàdàgbà kí gbogbo ayé rí i. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á wá àwọn okùn ìmọ̀lára rí, àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìrora lọ sọ́pọlọ, á máa rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ikán tó ń rá lórí ògiri. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dunni kọjá bó ṣe tóbi mọ. Kókó tó kéré bí ẹ̀wà á máa roni bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, lóru pàápàá, dókítà tó bá yẹ ibẹ̀ wò á ní òun ò rí ju awọ tó pupa díẹ̀ lọ.

Èyí ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín aláìsàn àti àwọn tó yí i ká. Wọ́n á ní ó ti ń ṣe àṣejù. Wọ́n á ní kí ló dé tí ọ̀rọ̀ etí ò tán lẹ́nu ìyá yìí. Ọkọ á ní ṣebí owó etí lòun san lọ́jọ́sí. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa á mọ́ra. Kò yẹ kó pa á mọ́ra rárá. Etí kan ṣoṣo tó ń ro fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, tí oògùn kíkán ò ràn án, ìrora yẹn fúnra rẹ̀ ni ẹjọ́ tó yẹ kí dókítà gbọ́.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tó yẹ kó ta èèyàn lólobó. Ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ láti etí nígbà tí ẹnikẹ́ni ò họ ọ́. Etí kan tó ń dí sí i, tí èkejì sì dá ṣáṣá. Ẹran tó yọ sójú ihò etí, tí wọ́n fà yọ, tó tún padà hù. Èyí tó yẹ kó gbé èèyàn dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni kí ojú máa wọ́: kí ojú apá ibẹ̀ má lè pa dé mọ́, kí ẹnu fà sápá kan, kí omi máa dà sílẹ̀ nígbà tó bá ń mu ún. Okùn tó ń darí ojú gba inú egungun etí kọjá, ó sì ya ẹ̀ka sínú àpò itọ́ tó wà níwájú etí. Bí kókó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú ló máa ń kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Àwọn ará ilé á ní atẹ́gùn burúkú ló fẹ́ lù ú, tàbí pé wọ́n ti ṣe é. Wọ́n á gbé e kiri fún oṣù mẹ́ta kí ẹnì kan tó rántí pé etí yẹn ti ń ṣomi látẹ̀yìnwá.

Ó dáa, ẹni tó bá wá lọ síbi tó yẹ ńkọ́? Dókítà etí, imú àti ọ̀fun ló yẹ kó wò ó. Á kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ oníná kékeré yẹ ihò náà wò, lẹ́yìn náà á fi awò ńlá tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Á fa gbogbo ẹ̀gbin àti omi kúrò kó lè rí ìdí ibẹ̀. Á fọwọ́ tẹ iwájú etí àti ọrùn wò bóyá kókó wà níbẹ̀. Á ní kí aláìsàn dijú, kó rẹ́rìn-ín, kó fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kì í ṣe eré ló ń bá a ṣe o, okùn ojú ló ń dán wò.

Lẹ́yìn èyí ni kókó ọ̀rọ̀ gan-an: á gé díẹ̀ lára ohun tó wà níbẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Ojú lásán ò lè mọ kókó tútù yàtọ̀ sí èyí tó le, ì báà jẹ́ ojú ọ̀jọ̀gbọ́n. Gígé náà ní láti wọlé dáadáa. Bí ọ̀bẹ bá kan orí ilẹ̀ nìkan, awọ tó wú lásán ni wọ́n máa rí, èsì á ní “àkóràn ni,” gbogbo èèyàn á sùn lé e. Ẹni tí wọ́n gé tirẹ̀ tí èsì ní àkóràn ni, tí etí náà ò sì yé ro, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti padà lọ sọ pé kí wọ́n tún un gé. Kì í ṣe àrífín. Dókítà gidi ò ní bínú sí i.

Onímọ̀ tó ń wo ẹran náà máa ń wá nǹkan méjì. Nínú kókó tútù, àpò kọ̀ọ̀kan ní ìlà sẹ́ẹ̀lì méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta, bí aṣọ tó ní àtẹ̀wọ̀. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì inú náà, á rí àwọ̀ ìyeyè tó rí bí ẹ̀gbin etí gan-an, èyí tó fi hàn pé ọmọ ibẹ̀ ni, kì í ṣe àlejò. Èkejì ni pé á wò ó bóyá kókó náà dúró sáàyè ara rẹ̀ tàbí ó ti ń ya wọ inú ẹran àti okùn ìmọ̀lára tó yí i ká. Ibí yìí ni wàhálà wà: ẹran kékeré tó ṣẹ́kù bí ìrẹsì kan lè má fi etí kókó náà hàn, etí náà sì ni ẹ̀rí wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ lódidi kí ìdájọ́ tó parí.

Ẹ̀rọ CT ń ya inú orí bí ìgbà tí èèyàn bá rẹ́ búrẹ́dì ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á sì yẹ ègé kọ̀ọ̀kan wò bóyá egungun ti jẹ. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ náà wo aláìsàn lọ́dún 1971. Ẹ̀rọ MRI, èyí tó máa ń dún gbàgbàgbà létí ẹni tó sùn sínú rẹ̀, ló mọ ẹran rírọ̀ àti okùn ìmọ̀lára wò jù. Méjèèjì ló wúlò, ọ̀kan ò rọ́pò èkejì. Wọ́n tún ń fi wọ́n wo àpò itọ́ iwájú etí, nítorí pé kókó mìíràn máa ń yọ láti ibẹ̀ kó tó já wọnú ihò etí. Bí dókítà bá tọ́jú ẹnu ọ̀nà tí olè wà nínú yàrá, kí ló ṣe?

Ìtọ́jú wá kù. Iṣẹ́ abẹ ni. Kò sí òróró, kò sí àgbo, kò sí abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ kókó yìí dànù. Àdín àti omi ewé tí wọ́n ń kán sí i ò ju kí ó bo ojú dókítà lọ.

Fún èyí tó tutù, wọ́n á gé e pẹ̀lú awọ díẹ̀ tó dá ṣáṣá yí i ká kí gbòǹgbò má bàa ṣẹ́kù. Bí ààlà bá fẹ̀, wọ́n lè bu awọ láti ẹ̀yìn etí tàbí itan fi lẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ki nǹkan sínú ihò náà fún ìgbà díẹ̀ kó má bàa pa dé. Lẹ́yìn náà, aláìsàn ń lọ sílé, ó ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á ṣì máa pè é wá yẹ̀ wò.

Fún èyí tó le, ọ̀rọ̀ náà wúwo, kò sì yẹ kí wọ́n fi pamọ́ fún aláìsàn. Wọ́n á yọ ihò etí lódidi bí ìgbà tí èèyàn bá yọ àpò inú aṣọ láìtú u: awọ rẹ̀, egungun tó yí i ká, ìlù etí, àti méjì nínú egungun wẹ́wẹ́ mẹ́ta tó ń gbé ohùn wọlé. Egungun kẹta àti ìkarawun inú lọ́hùn-ún tó rí bí ìgbín, wọ́n á fi ìyẹn sílẹ̀. Wọ́n sábà máa ń yọ lára àpò itọ́ iwájú etí pẹ̀lú, àti nígbà mìíràn àwọn kókó ọrùn. Okùn ojú ni wọ́n máa ń fi gbogbo agbára ṣọ́. Bí jẹjẹrẹ ò bá tíì dé ara rẹ̀, wọ́n á rìn yí i ká.

Àwọn obìnrin á béèrè pé ewé etí ńkọ́? Bí kókó ò bá kàn án, wọn ò ní gé e. Gèlè á ṣì dúró, yẹtí á ṣì wọ̀. Gbígbọ́ etí apá ibẹ̀ ló máa dín kù gan-an, nítorí pé ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọlé ò sí mọ́. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí ìgbín inú bá wà láàyè, ẹ̀rọ kan wà tó ń gba ara egungun orí gbé ohùn lọ bá a. Owó rẹ̀ ò kéré, òótọ́ ni. Ẹni tí ò bá ní in á kọ́ láti máa fi etí kejì kọ sí oníbàárà.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n sábà máa ń fi ìtànṣán ẹ̀rọ tẹ̀ lé e, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lójúmọ́, kò sì dunni lórí tábìlì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni awọ ibẹ̀ máa ń dúdú, tó ń ta, tí ẹnu lè gbẹ. Àwọn kan á ní kí wọ́n fi ìtànṣán nìkan ṣe é, kí ọ̀bẹ má dé orí. Fún jẹjẹrẹ yìí, ìtànṣán dára lẹ́yìn ọ̀bẹ, kò dára tó láti rọ́pò rẹ̀. Oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sí iṣan pàápàá, agbára rẹ̀ lórí èyí ò tó nǹkan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ta ni yóò jókòó ti ìsọ̀? Ìbéèrè yìí ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá nílé ìwòsàn ju ẹ̀rù ọ̀bẹ lọ. Ó dáa kéèyàn tètè jókòó pẹ̀lú àwọn ará ilé, kó sọ ọ́ síta ní ẹgbẹ́ ọjà, kó gba àjọ rẹ̀ ṣáájú bí wọ́n bá gbà. Lọ́dún 2022 ni òfin sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo èèyàn ní Nàìjíríà. Èkó ní tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó. Ẹni tó bá wà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, kó béèrè ṣáájú pé apá wo ni wọ́n máa san, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé.

Ní ti ibi tí èèyàn máa lọ, ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ ilé ni kó ti gba ìwé, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀ka etí: UCH n'Ìbàdàn tó ti wà láti 1957, LUTH n'Ídí-Àràbà, tàbí èyí tó wà n'Ilé-Ifẹ̀. Fún ìtànṣán, UCH ní ẹ̀ka rẹ̀, ní 2019 sì ni wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH sínú ọgbà LUTH. Kí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn béèrè bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ kó tó wọ ọkọ̀. Kó kó gbogbo ìgò oògùn etí tó ti lò dání, kó sì rántí oṣù tí ó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn nìkan lè jẹ́ kí dókítà sáré.

Àwọn kan á béèrè bóyá ó ń ranni. Kò ranni. Ẹ lè fi abọ́ kan náà jẹun, ẹ lè wé gèlè ara yín. Ṣé ìyẹ́ adìẹ ló fà á? Kì í ṣe ìyẹ́ ló ń gbin kókó òógùn síbẹ̀, ṣùgbọ́n egbò tí ìyẹ́ ń dá sílẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí gbogbo èèyàn rò pé òun nìkan ni wọ́n ń tọ́jú. Ṣé ọmọdé lè ní in? Àgbàlagbà ló pọ̀ jù lára wọn, láti nǹkan bí 40 ọdún sókè.

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ gbọ́. Wọ́n á parí ìtọ́jú, etí á gbẹ, wọ́n á ṣe ìdúpẹ́, ó di kí ẹsẹ̀ wọn má dé ilé ìwòsàn mọ́. Adenoid cystic kì í ka ọdún bí àwa ṣe ń kà á. Ó lè dákẹ́ fún ọdún mẹ́wàá kó tó tún yọjú, ó sì lè jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ló máa yọ sí, kì í ṣe etí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sọ fún ẹni tó ní in pé kó máa wá fún àyẹ̀wò etí, ọrùn àti àyà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, lóṣù díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Láàárín ọdún mẹ́wàá, dókítà ti lè kúrò níbẹ̀, fáìlì ti lè sọnù, ilé ìwòsàn ti lè kun ara rẹ̀ ní ọ̀dà mìíràn. Ìwé èsì àyẹ̀wò ẹran yẹn, èyí tí orúkọ kókó náà wà lórí rẹ̀, aláìsàn gan-an ni kó gba ẹ̀dà rẹ̀, kó tọ́jú rẹ̀ síbi tí ìwé ilẹ̀ àti ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wà, kó sì fi ibẹ̀ han àkọ́bí rẹ̀.